Pùláànù Kejì

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ibì kankan nínú rẹ̀. Ó tún ní kí n kọ orúkọ òun síbẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́. Torí orúkọ náà ni mo ṣe ṣe é."

Ẹ̀rínọlá ni orúkọ náà. Ayàwòrán ilé ni.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ya ilé fún ọ̀gá kan ní Erékùṣù Èkó, orúkọ ọ̀gá náà ni wọ́n sì ń kọ sábẹ́ gbogbo ohun tó bá yà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gba yàrá kan lókè ọ́fíìsì àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde ní wáàfù, ní Warehouse Road, Àpápá. Ó gbé tábìlì méjì wọlé, kọ̀ǹpútà méjì, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan tó jẹ́ àlòkù, tó máa ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Omoefe ló bá a bẹ̀rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí Omoefe sí, ọmọ Urhobo ni, ṣùgbọ́n Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, àfi tí inú bá bí i ni Pidgin máa ń já lù ú. Abẹ́ ọ̀gá kan náà lòun àti Ẹ̀rínọlá ti jọ ṣiṣẹ́. Ó fi iṣẹ́ tó dájú sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ẹ̀rínọlá sọ fún un: "Omoefe, ilé tí èèyàn lè mí nínú ẹ̀ la ó máa yà. Ì báà jẹ́ yàrá kan péré."

Ó gbà á gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ò wá. Àwọn tó wá, iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n gbé wá. Obìnrin kan na fóònù sí wọn, ó fi àwòrán ààfin kan ní Dubai hàn wọ́n, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́ sórí ààbọ̀ pọ́lọ́ọ̀tì. Ọkùnrin kan ní, "Ẹnjiníà, ẹ ṣáà fa ìlà díẹ̀ fún wa, kì í ṣe nǹkan tó le," ó mú ìlà náà lọ, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n ya ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí fún oníṣòwò kan ní ọjà Boundary. Wọ́n ya àkàbà fún àwọn ajẹ́ńtì ìsàlẹ̀, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti fẹ́ pa wọ́n. Ó parí.

Ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn ló máa ń dun Ẹ̀rínọlá jù. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yí i ká, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ tara ẹ ńkọ́? Èwo lo ti kọ́ ká lọ wò ó?" Á rẹ́rìn-ín. Kò ní èyí tó máa tọ́ka sí.

Ẹ ti rí pátákó tí wọ́n máa ń gbé síwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́: ẹni tó ni ín, ẹni tó yà á, ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ̀rínọlá sọ fún mi pé tí òun bá ń kọjá níwájú irú pátákó bẹ́ẹ̀, òun máa ń dúró kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní bí ebi ṣe ń pa ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ni pátákó ń pa òun.

Alàgbà Dáhùnsí mọ̀. Irú àwọn èèyàn yẹn, wọn kì í ṣàì mọ̀.

Alàgbà ni lóòótọ́, nínú ìjọ wọn ní Àpápá. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ tọ́sàn-án tòru, ìpara rọ́ọ̀bù a sì máa rùn lára rẹ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Ìjọ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, gbọ̀ngàn ẹlẹ́gbẹ̀rún èèyàn, gbogbo ayàwòrán ilé tó wà ní agbègbè náà ló sì ń fojú sí i.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ló kọ́kọ́ bá wá. Ilé ayálégbé ni, lórí ààbọ̀ pọ́lọ́ọ̀tì kan tó ní nítòsí Boundary, ní Ajégúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ẹ̀rínọlá àti Omoefe fi ya ilé náà. Inú wọn dùn sí i bí ẹni tó bímọ. Nígbà tí Alàgbà wá wò ó, àkàrà ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó gbé bébà àkàrà náà lé orí pùláànù, epo sì ràn kálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀rínọlá ọmọ mi, yàrá mélòó lo yà síbẹ̀?"

"Mẹ́jọ, sà. Pẹ̀lú àgbàlá kékeré láàárín, kí atẹ́gùn lè máa wọlé fún wọn."

"Àgbàlá?" Alàgbà bú sẹ́rìn-ín, àkàrà ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé atẹ́gùn ló máa sanwó ilé fún mi ni? Yàrá mẹ́rìnlá ni mo fẹ́. Kí o tún fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí i lójú títì."

"Kò ní gbà á, sà. Ojú títì yẹn ni mo gbé sókàwéè, kòtò ìgbẹ́, sí."

Ẹ̀rínọlá wá ń ṣàlàyé bí olùkọ́. Ó ní ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀, èèyàn ò ní tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tí omi á fi sun jáde. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi gbé kànga ẹ̀rọ sẹ́yìn pátápátá, tí kòtò ìgbẹ́ sì wà níwájú, tí wọ́n á fi kọnkéré dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, kí ọkọ̀ lè máa wá fà á tó bá kún. Ó ní bí wọ́n bá mú un wọnú, kòtò àti kànga á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹnu kanra.

Alàgbà fi ahọ́n ta eyín rẹ̀. "Gbé e sábẹ́ kọ́rídọ̀. Má sì fi kọnkéré dí ìsàlẹ̀ kankan. Ilẹ̀ á máa mu ún."

"Ìjọba ò ní fọwọ́ sí i láéláé, sà."

"Èyí tó jẹ́ yàrá mẹ́jọ ni wàá gbé lọ fún ìjọba. Wàá wá ya mẹ́rìnlá fún bíríkìlà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí etí pùláànù náà, ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bíi tẹni tó fẹ́ ṣàdúrà. "Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ń jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n mú orúkọ kan wá. Mo ti ń fi tìrẹ síwájú Ọlọ́run."

Ó lọ. Òórùn rọ́ọ̀bù rẹ̀ ò lọ.

Ẹ̀rínọlá ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun fi bá ara òun jà. Ní ọjọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn náà sí. Ó dúró nínú koríko, ó wo ibi tí pátákó máa wà. Ó tiẹ̀ ro irú ìkọ̀wé tí òun máa ní kí wọ́n fi kọ orúkọ òun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí wá àwáwí. Gbogbo ilé tó wà ní Boundary, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn? Bí òun ò bá yà á, ṣé ẹlòmíì ò ní yà á ni? Ṣé òun ló máa gbẹ́ kòtò náà?

"Ohun tó ń rí mi lára nínú ẹ̀," ó sọ fún mi, "ni pé mi ò lè ní mi ò mọ̀. Mo mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín kòtò àti kànga náà. Ọwọ́ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé e síwájú Omoefe. Ó ní, "Bá mi tún pùláànù yìí yà. Yàrá mẹ́rìnlá. Kò ní dé ọ̀dọ̀ ìjọba."

Omoefe wò ó títí. "Sókàwéè ńkọ́?"

"Abẹ́ kọ́rídọ̀."

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ló máa wà sí kànga."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?" Omoefe dìde. "Madam, I no go draw am. Ẹ gbọ́ mi? Àwọn tó máa gbé ibẹ̀, àwọn èèyàn mi ni. Na that kind water my mama take raise us, méjì nínú wa ni kò dàgbà. Kí lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀?"

Ẹ̀rínọlá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì dárí ẹ̀ ji ara rẹ̀ títí dòní. Ó ní, "Omoefe, ọjọ́ tí o bá ní ọ́fíìsì tìrẹ, wàá mọ bó ṣe ń rí. Ní báyìí, ọ́fíìsì tèmi lo wà."

Omoefe kó rúlà rẹ̀, ó kó ife tíì rẹ̀, ó yọ wáyà fóònù rẹ̀ lára ògiri. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà tí wọ́n jọ yà, Ẹ̀rínọlá ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí ariwo tírélà fi gbé e mì.

Ẹ̀rínọlá fúnra rẹ̀ jókòó, ó ya pùláànù kejì. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ló gbà á. Kò lu òǹtẹ̀ sí i, kò kọ orúkọ sí i. Ó rò pé ohun tí kò bá ti ní òǹtẹ̀ òun, kò kan òun.

Monday ni bíríkìlà tí Alàgbà gbé iṣẹ́ náà fún. Kọ́ńtẹ́nà kékeré kan níwájú sáìtì náà ló ń kó irinṣẹ́ sí. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò, ó ní òun ò ní gbẹ́ ẹ àyàfi tí Ẹ̀rínọlá bá wá.

Ó ní, "Madam Archi, this hole too near that water o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣèèṣì?"

Inú bí Ẹ̀rínọlá, bí inú ṣe máa ń bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ó já pùláànù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ báírò, ó fa òbìrípo yí ibẹ̀ ká, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: *Gbẹ́ ẹ síbí. Má da kọnkéré sísàlẹ̀.* Ó dá a padà fún un.

"Ṣó ti yé ọ báyìí?"

Monday ní, "E don clear, madam."

Kí oṣù tó parí, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kéde pé Ẹ̀rínọlá ló máa ya gbọ̀ngàn. Wọ́n gbé pátákó dúró. Ó ya fọ́tò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú jígí dúdú lójú àti fìlà sáìtì, ó gbé e síta fáyé rí. Gbogbo àwọn tó ti ń bi í léèrè lọ́jọ́ Ìsinmi wá ń pè é ní Akíkítẹ̀ẹ̀tì wa. Ó ní òun ò ronú kan ilé Ajégúnlẹ̀ yẹn fún odidi ọdún kan.

Àfìgbà tí Alàgbà pè é pé òun fẹ́ kọ́ àjà kan lé ilé náà lórí, kó lọ wọ̀n ọ́n.

Ọ̀sán gangan ni. Ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Boundary, ó já wọ inú ọjà, ó gba ojú àgbàrá kọjá. Kó tó dé ẹnu géètì ni òórùn ti pàdé rẹ̀. Kò le, ṣùgbọ́n kò lọ. Bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú yàrá tí o wọ̀.

Obìnrin kan ń rán aṣọ iléèwé ní kọ́rídọ̀. Àdùfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe rí Ẹ̀rínọlá pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́ ló ti dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé àpótí fún un.

"Ẹ káàsán, àǹtí. Oòrùn yìí mà pọ̀ o. Ẹ jókòó, kí n fún yín lómi."

Ó bu omi wá nínú ife onírin, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀. Omi náà tutù, ìrì ti bo ara ife. Ẹ̀rínọlá gbé e súnmọ́ ẹnu. Ó rí àwọ̀ iyeyè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn álọ́ọ̀mù tí wọ́n jù sí i kó lè mọ́, ó sì gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ òórùn álọ́ọ̀mù.

Ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ ṣeun. Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Àdùfẹ́ wo òógùn tó ń ṣàn lójú rẹ̀. "Òùngbẹ ò gbẹ yín nínú oòrùn yìí?"

"Mo ti mu omi bọ̀."

Ìkérora kan jáde látinú yàrá tó wà lẹ́yìn wọn. Àdùfẹ́ ní ọkọ òun ni, Yínúsà, tó ń ru ẹrù ní wáàfù. "Inú ló dà á dúbúlẹ̀ látijọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Nọ́ọ̀sì tó wò ó ní kí n máa fún un lómi dáadáa, kí omi má tán lára ẹ̀. Mo ń fún un. Bó ṣe ń jí ni mo ń fún un. Ife ńlá ńlá."

Ẹ̀rínọlá sọ fún mi pé ẹnu òun là. Ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ahọ́n òun: *Ẹ má fún un mọ́.* Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, obìnrin yìí á béèrè ìdí. Bó bá béèrè ìdí, kí ló máa sọ? Ó wọn ògiri tó wá wọ̀n. Ó ní, "Ọlọ́run á fún un lálàáfíà." Ó jáde.

Níwájú géètì, ó ra píọ́ wọ́tà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ó fi eyín ya á, ó fà á gbẹ níbi tó dúró sí. Nígbà tó sọ orí kalẹ̀, Àdùfẹ́ ló rí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rínọlá ti gbàgbé téèpù rẹ̀ sórí àpótí, obìnrin náà ló mú un tẹ̀ lé e. Àdùfẹ́ wo ọ̀rá omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na téèpù sí i, ó padà wọlé.

Láti ibẹ̀, ilé Alàgbà ló gbà lọ.

Ó ní, "Omi ilé yẹn ti bàjẹ́, sà. Àìsàn ti wọ ibẹ̀."

"Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò tíì kú, sà."

"Ó dáa." Alàgbà ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé ìròyìn. "Àwọn ará ibẹ̀ yẹn, ikùn wọn ò dà bí tiwa. Ohun tí wọ́n ti ń mu láti kékeré nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú ní kí wọ́n máa sè é."

"Tó o bá ní kí wọ́n sè é, wọ́n á ní kí ló dé. Gbọ̀ngàn wa ti dé òrùlé, ọmọ mi. Gbẹ́nu dúró." Èékánná kan ta, ó ba Ẹ̀rínọlá níwájú ẹsẹ̀.

Ó gbẹ́nu dúró. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń ya àga pẹpẹ gbọ̀ngàn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ìpè wọlé láti ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ làwọn bá lórí pùláànù tí ìjọba fọwọ́ sí. Wọ́n ní kó wá, ọkùnrin kan ti kú nílé náà, àwọn mẹ́fà míì sì wà nílé ìwòsàn.

Kò béèrè orúkọ ọkùnrin náà.

Ó ká pùláànù àkọ́kọ́, èyí tó mọ́, tó ní òǹtẹ̀, ó gbé e sábẹ́ apá. Ó ní ohun tí òun ń rò nínú kẹ̀kẹ́ kì í ṣe òkú. Ohun tí òun ń rò ni pé ìwé òun pé.

Nígbà tó débẹ̀, gbogbo ayálégbé ti dúró yípo, wọ́n fi aṣọ di imú. Wọ́n ti fọ́ kọnkéré kọ́rídọ̀. Aáyán ń jáde níbẹ̀, wọ́n ń tú jáde bí ìrẹsì tó dà nù, wọ́n ń gun ògiri. Ohun tó wà nínú kòtò náà ti kún dé òkè, ó ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn. Páìpù kànga wà níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí i.

Alàgbà Dáhùnsí náà wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, áńkáṣíìfù ní imú. "Ayàwòrán wa rèé," ó sọ fún olórí wolé-wolé, obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ bàtà òjò. "Ẹ̀rínọlá, fi pùláànù hàn wọ́n."

Ó tẹ́ ẹ. Obìnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó. "Yàrá mẹ́jọ ló wà níbí. Kòtò wà níwájú. Ohun tó wà nílẹ̀ kọ́ nìyí."

"Bíríkìlà ni!" Alàgbà ní. "Olè ni gbogbo wọn. Ẹ fún wọn ní bébà, wọ́n á ṣe tinú wọn." Ó yíjú sí Ẹ̀rínọlá, ó rọra rẹ́rìn-ín sí i. "Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Monday dúró lẹ́bàá géètì, apá rẹ̀ kún fún símẹ́ńtì.

Ẹ̀rínọlá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bíríkìlà ni."

"Ha," Monday ní. "Madam."

Ó jáde lọ sínú kọ́ńtẹ́nà rẹ̀ tó ṣì wà níwájú ilé náà, ó padà pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́jọ, tí símẹ́ńtì ti mú kó le bí páálí. Ó là á síwájú wolé-wolé. Òbìrípo báírò wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?" obìnrin náà béèrè.

"Èmi kọ́," Ẹ̀rínọlá ní. "Mi ò rí i rí."

Ibẹ̀ ni Àdùfẹ́ ti sọ̀rọ̀. Aṣọ opó ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan. Àǹtí yìí wá síbí. Mo fún un lómi, kò mu ún. Òógùn bò ó, ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Ó wá lọ mu píọ́ wọ́tà níta. Èmi rò pé torí a jẹ́ tálákà ló ṣe ń ṣe fínnífínní sí wa." Ó yíjú sí Ẹ̀rínọlá. "Mi ò mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹ jókòó síwájú mi, mo ní mò ń fún ọkọ mi lómi, ife ńlá ńlá. Ẹ ní Ọlọ́run á fún un lálàáfíà."

Gbogbo ayálégbé kọjú sí Ẹ̀rínọlá.

Ẹ̀rínọlá ní òórùn kòtò náà ni òun kọ́kọ́ rò pé ó gbé òun ní inú. Ó sáré dé etí gọ́tà, ó bì. Ó bì títí tí kò fi sí nǹkan mọ́. Kò sí ẹni tó dì í mú. Nígbà tó gbórí sókè, ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo yà á. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Alàgbà ló ní kí n yà á, mo sì yà á."

Wọ́n wo ẹ̀yìn. Alàgbà ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Kí ẹ má baà máa ronú pé ayé dáa jù bó ṣe wà lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí fún un. Wọ́n ti ilé náà pa, àwọn ayálégbé kó ẹrù wọn sórí títì. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé gba ìwé àṣẹ Ẹ̀rínọlá fún ọdún mẹ́ta. Ìjọ fi ọ̀dà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí pátákó, wọ́n kọ tẹlòmíì lé e. Alàgbà Dáhùnsí fi ẹ̀gúnjẹ lọ rí àwọn kan, àwọn kan sì bá a rí àwọn míì, ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ. Ó ní Ọlọ́run fún òun ní ìṣẹ́gun lórí àwọn ọ̀tá. Wọ́n kọrin fún un. Ìjókòó iwájú ṣì ni tirẹ̀.

Ẹ̀rínọlá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ní ẹ̀yìn pátápátá. Ó ní òun wo ọrùn Alàgbà nínú aṣọ funfun, ìríra sì bo òun mọ́lẹ̀ débi pé òun fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọwọ́ tí òun fi bo ẹnu, òun náà ń rí òun lára.

Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó lè lọ sọ́dọ̀ Omoefe. Omoefe ti ní tábìlì kan níwájú ilé ìyá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, níbi tó ti ń ya ilé fún àwọn ará àdúgbò. Kò ní kó jókòó.

"Ṣé kí n lè dárí jì yín lẹ ṣe wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ẹ̀rínọlá ní.

"Mi ò ní dárí jì yín. Kì í ṣe lónìí. Àmọ́ ó dáa tẹ́ ẹ wá, ẹ wo nǹkan." Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó mú bébà kan jáde. Fọ́tòkọ́pì ni, èyí tí wọ́n ṣe lára fọ́tòkọ́pì mìíràn, ìlà rẹ̀ ti ń parẹ́. Yàrá mẹ́rìnlá. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin. Òbìrípo lábẹ́ kọ́rídọ̀.

Ẹ̀rínọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Níbo lo ti rí i?"

"Lánlọ́ọ̀dù kan ló gbé e wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n bá òun tún un yà kó hàn dáadáa. Wọ́n ní ó dára, ó ń gba èèyàn púpọ̀. Alàgbà yín ló ṣe ẹ̀dà ẹ̀ nígbà tó ń kọ́ tiẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi ń tọrẹ. Madam, dem dey share am. Ilé mẹ́ta ni mo ti rí tí wọ́n ti fi kọ́, èèyàn sì ti wà nínú wọn."

Ilé mẹ́ta. Ẹ bá mi rò ó. Nínú gbogbo ohun tí Ẹ̀rínọlá yà láyé rẹ̀, èyí ni wọ́n kọ́ jù.

"Ẹ sọ fún àwọn tó ń ka ìwé yín," Ẹ̀rínọlá sọ fún mi, "pé kò sí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Ohun tí ọwọ́ ẹ bá yà, ẹnì kan máa gbé inú ẹ̀."

Omoefe kọ àdírẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ó ti lọ sọ fún àwọn wolé-wolé, wọ́n ní àwọn á wá, wọn ò tíì wá. Àwọn lánlọ́ọ̀dù sì ti lé òun fúnra rẹ̀ jáde, wọ́n ní ó ń jowú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì.

Ẹ̀rínọlá ò lọ sílé. Ó mú àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́sì náà, ó rìn lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, bí àwọn èèyàn ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé náà jọ ti Boundary bí ìbejì. Ó mọ ibi tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan wà kó tó gbójú sókè wò ó. Ó kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan ló ṣí i, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúrọ̀lẹ́ o. Ta lẹ ń wá?"

"Gbogbo yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ará ilé jáde."

"Kò burú. Ta la máa ní ó ń pè wọ́n?"

"Ẹ̀rínọlá lorúkọ mi. Èmi ni mo ya ilé yìí."

"Háà!" Ojú obìnrin náà là, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Ẹ̀yin ni? Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọpọlọ! Ilé yìí dáa. Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó, ẹ jẹ́ kí n—"

"Ẹ má kí mi," Ẹ̀rínọlá ní. Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n jáde ná. Kí gbogbo wọn wá gbọ́ ohun tí mo ṣe."